Ẹni Tó Dúró Nínú Kùrukùru

Nílé wa ní Tchaourou, bí kùrukùru bá ká èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà oko, ńṣe ló máa ń dúró títí yóò fi ká kúrò. Níbi tí mo wà báyìí, ìyá arúgbó kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́, tó máa ń sáré jáde láàárọ̀ kí kùrukùru má baà lọ kí òun tó débẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó mú mi wọ igbó, mo gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé sí èjìká, mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mò ń kà. Mi ò rí ju igi mẹ́rin lọ níwájú mi. Nílé, ọdẹ nìkan ló ń wọ irú ibẹ̀ yẹn ní irú àsìkò yẹn, òun náà á sì ti múra sílẹ̀. Ìmúra tí ìyá yìí ṣe kò ju bàtà rọ́bà àti kọfí inú fìlásíkì lọ.

Ọ̀rọ̀ kùrukùru yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú ìyá tó bí mi ń lọ, nílé lọ́hùn-ún.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó ti rin ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì rìn ín, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó nílò rẹ̀. Ìlú kékeré kan tí igbó yí ká ni mo já sí, níbi tí òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ kí àwa nílé tó wu iṣu tuntun tán. Ilé ìtura kan ni mo ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, mi ò sọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá bá níbùdókọ̀ ni mo ń kí. Mo béèrè bí wọ́n ṣe sùn, mo béèrè àwọn ará ilé. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dákẹ́ bíi tiwọn, dídákẹ́ náà sì ń rẹ̀ mí ju iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo rò pé àrùn ló kọlu igi. Igi tíkì tiwa náà ń wọ́wé nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kì í pọ́n rokoso kó tó wọ́. Mi ò rí ẹni bi léèrè.

Madáàmù ni mo ń pe ìyá arúgbó náà. Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń dá gbé pẹ̀lú ológbò kan tí kò fẹ́ràn mi. Fọ́tò igbó ló ń yà, kì í sì í yà á nígbà mìíràn àfi ìgbà ìwọ́wé. Lọ́jọ́ kan, mo ń nu tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, mo rí fọ́tò tó ń wò lórí kọ̀ǹpútà, mi ò lè pa á mọ́ra, mo ní fọ́tò náà tẹ̀ sápá òsì. Ó yíjú padà, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì lè gbé ẹrù rìn jìnnà mọ́. Wọ́n ti ní kó wá fi fọ́tò igbó rẹ̀ han àwọn ará ìlú ní ilé ìkàwé tí ìgbà ìwọ́wé bá ń parí lọ. Ó ní kí n máa bá a gbé ẹrù, kí n máa bá a tún fọ́tò ṣe, tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ fún mi. Ìwé yẹn gan-an ni ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbélùú. Bí mo bá kúrò nílùú kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò ní lè padà wọlé.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìyá yìí, tó lè bí ìyá mi, "ẹ̀yin" ló ń pè mí. Ẹ jókòó, ẹ mu kọfí. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ báyẹn, ó ń bínú sí i nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Kí n sọ nípa ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin ní Tchaourou, aṣọ búlúù kan ló ta sára ògiri, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: fọ́tò tí a ò bá ti rí etí méjèèjì, kì í ṣe fọ́tò. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ló mú òfin yẹn wá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló fi de. Ìyàwó tuntun tó fi gèlè bo etí, á ní kó sún un sókè. Bàbá arúgbó tó fẹ́ lọ Mẹ́kà, á ní kó ti fìlà sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú irin tí gbogbo fọ́tò sì ń funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, iṣẹ́ tiwa ni láti fọ eruku yẹn kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí oníbàárà tó dé. Ọ̀gá mi ní ẹni tó wá ya fọ́tò, ojú ara rẹ̀ ló wá wò. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Láti Tchatchou dé Goro, kò sẹ́ni tó mọ eruku fọ̀ jù mí lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Madáàmù fún mi ní ogójì fọ́tò pé kí n lọ tún wọn ṣe, mo wò wọ́n, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ìyá yìí ti ṣe làálàá yìí tán, kùrukùru wá bà á jẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo fọ gbogbo rẹ̀. Igi ogún jáde níbi tí igi mẹ́ta wà. Wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà jáde, nọ́ńbà tí àwọn agégi fi ọ̀dà pupa kọ sára igi jáde, ọkọ̀ ẹnì kan tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán náà jáde. Inú mi dùn. Mo ní ìwé mi ti délé.

Madáàmù wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Níbo ni kùrukùru mi wà?"

Mo ní mo ti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n lè rí gbogbo nǹkan. Ó ní òun ti ń rí gbogbo nǹkan láti àádọ́rin ọdún, pé ó ti sú òun. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá mi tó kọ́ mi pé èèyàn kì í fọwọ́ kan ojúlówó fọ́tò, ẹ̀dà là ń tún ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́, àfi èmi. Mo sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ti sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ láìwo ilé tí wọ́n bí i sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá mú mi. A lọ sínú igbó láìgbé kámẹ́rà dání. Ó ní kí n jókòó sórí ìtì igi, kí n máa wò. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Igi tó sún mọ́ wa dúdú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dà bí eérú, tẹ̀yìn yẹn funfun, lẹ́yìn náà kò sí igi mọ́, a kàn mọ̀ pé ó wà ni. Madáàmù ní kùrukùru ló ń bá ni ka igi, pé bí mo ṣe yọ ọ́ kúrò, gbogbo wọn sáré wá dúró lójú kan náà bí èrò tó fẹ́ ya fọ́tò káàdì. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Mo kọ́ láti máa nu ìrì kúrò lójú kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Mo kọ́ láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀ sí i, nítorí kámẹ́rà kì í gbà pé nǹkan lè funfun tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa sọ ọ́ di eérú. Lórí kọ̀ǹpútà, mo kọ́ láti ká ọwọ́ mi kò. Kí n jẹ́ kí ewé pọ́n, kí ó má pariwo. Ibi tí ọwọ́ mi bá fẹ́ fọ̀, ibẹ̀ gan-an ni Madáàmù á ní kí n fi sílẹ̀. Ó ṣòro fún mi bí ẹni pé wọ́n ní kí n má kí àgbà.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo dá yà tí Madáàmù kò rí nǹkan sọ sí, ọ̀nà tóóró kan ni láàárín igi, ewé pupa wà nílẹ̀ níwájú, ọ̀nà náà sì ń wọnú kùrukùru lọ títí a ò fi rí i mọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Èyí, má fọwọ́ kàn án mọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí ní ìwọ nìyẹn. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù Sàfí, àbúrò mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo wọn jókòó sójúde, mo sì wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn. Sàfí bi mí pé ta ló ń dáná sun igbó níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kámẹ́rà mi ti dọ̀tí. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé e wá.

Ó yẹ kí n sọ pé ìyá mi kì í wo fọ́tò mi pẹ́. Èyíkéyìí tí mo bá fi ránṣẹ́, á ní ó dára, ó dára, kí Ọlọ́hun ṣọ́ mi, á dá fóònù padà. Mo rò pé kò bìkítà ni, ó sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Bọ́n, èyí ni mo rí dáadáa," ó ní. "Àwọn ti tẹ́lẹ̀, ẹ ń sọ pé ó mọ́, ó mọ́, mi ò mọ ohun tó mọ́ níbẹ̀. Èyí jọ bí ayé ṣe rí."

Sàfí ní, "Màmá, ayé kọ́ ló rí báyìí. Oòrùn ń ràn lórí wa."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àṣé láti ìgbà kajú èṣí ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá mi ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìka ló sì fi ń mọ èyí tó dára, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura pé kò rí i mọ́. Kì í dá sọdá ojú irin mọ́, ó ní orúnkún ló ń dun òun. Ó ń mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ nípa ohùn. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ, ó dáhùn pé bí òun bá sọ, màá fi ìwé tí mò ń wá sílẹ̀, màá máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹnu bínú. Èmi tí mo ti ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo sì ń pè é ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ni mo fẹ́ wí? Oníkálukú wa ló ń fi kùrukùru díẹ̀ bo ara rẹ̀ kí ọkàn ẹnìkejì lè balẹ̀.

Wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà ní awọ funfun ló bo ẹyinjú méjèèjì, pé ní Parakou wọ́n lè yọ ọ́ láàárín wákàtí kan, pé bí ó bá pẹ́ jù, ó lè ṣòro. Ìyá mi kọ̀. Obìnrin kan wà ní Goro tí alábẹ́rẹ́ kan tó ń kiri fi abẹ́rẹ́ gún lójú, tí ojú náà sì fọ́ pátápátá. Ó ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù fún òun tó òun lò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo bẹ lèmọ́mù sí i, mo bẹ tonton mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Ó dá gbogbo wọn lóhùn pé inṣa Allahu. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé inṣa Allahu tó bá fi ohùn yẹn sọ, kò ní lọ ni.

Bí mo bá lọ bá a, mo mọ̀ pé màá fà á lọ́wọ́ dé Parakou. Ṣùgbọ́n ìwé mi ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó nídìí ìgbálẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yẹn mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, wọ́n lè padà.

Mo sọ ọ́ fún Madáàmù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní wọ́n ti ṣe tòun náà, ojú méjèèjì, pé òun délé lọ́jọ́ náà òun sì jẹun. Ibẹ̀ ni èrò kan ti wá sí mi lọ́kàn. Mo ní kó ya mí nínú igbó.

Àárọ̀ tí kùrukùru ki jù lọ́dún yẹn la lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kẹta lápá ọ̀tún, mo wọ fìlà òwú mi aláwọ̀ eérú, mo kọjú sí kámẹ́rà. Òtútù wọ mí dé eegun. Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà dé ìdí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá mi ti Tchaourou ń sọ̀rọ̀ sí mi létí kan, Madáàmù ń sọ sí èkejì. Bí mo bá fọ̀ ọ́ jù, kò ní wúlò. Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ojú tó dá ṣáká pàápàá ò ní rí mi. Mo ń fọ̀, mo ń dá a padà, títí mo fi mú un débi tí ojú tó dáa á ti rí mi wéré, tí ojú tó ṣú ò ní rí mi rárá. Ó pẹ́ ju ogójì fọ́tò ọjọ́sí lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe kò dára, mo sì ń ṣe é lọ.

Mo fi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún Màmá pé mo wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má nawọ́ síbi tí mo wà fún un.

Ràmá, ọmọ Sàfí, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, rí mi kí fóònù tó dé ọwọ́ ìyá mi. Ó ní, "Tata nìyẹn," bó ṣe ń pe àǹtí rẹ̀. Ìyá mi gba fóònù. Sàfí ló sọ ìyókù fún mi. Màmá gbé e sún mọ́ imú. Ó fi etí ìró nù ún. Ó bi wọ́n pé apá ibo ni, gbogbo wọn sì dákẹ́ bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ó dá fóònù padà, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi wá sídìí fóònù. Sàfí ní ohun tí mo ṣe kò dára, mi ò jiyàn. Ojú ń tì mí níwájú ara mi. Mo ti fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dójú ti ìyá mi níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀, láti òkèèrè, níbi tí kò ti lè gbá mi létí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí. Kò kí mi.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta rí ọmọ mi," ó ní. "Èmi tí mo bí i, mi ò rí i. Sọ fún àbúrò rẹ kó mú mi lọ sí opitáàlì."

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí Parakou ni wọ́n gbé fọ́tò Madáàmù kọ́ ní ilé ìkàwé. Ó fi fọ́tò ọ̀nà tóóró mi sáàárín tirẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn tí kì í dá mi lóhùn níbùdókọ̀ wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ mi kan sì wà lára fóònù nínú àpò.

Sàfí kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti ṣe é, ojú kan lákọ̀ọ́kọ́, pé ó ti jẹun. Kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún, ìpè fídíò ni. Mo wà nínú yàrá, mo ń ká aṣọ. Iwájú orí ìyá mi nìkan ni mo rí, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di fóònù mú. Wọ́n ti dé Tchaourou, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní eruku ti bo ojú irin, ṣùgbọ́n ó wà lórí irin níbẹ̀, kò tún bo ọwọ́ òun mọ́ tí òun bá wò ó. Ó ní kí Sàfí ṣí fọ́tò yẹn fún òun.

Mo dúró. Mo gbọ́ alùpùpù tó kọjá lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

"Mo rí ẹ," ó ní. "O wà lẹ́bàá igi kẹta."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Omi ti gba ojú mi, mo rò pé ó ti tán. Ó ṣì ń wò ó lọ.

"Fìlà yẹn ò bo etí rẹ ọ̀tún. Ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ fún ẹ níbẹ̀ ni? Òtútù á wọ̀ ọ́. Fà á wálẹ̀."

Mo ti wo fọ́tò yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Madáàmù náà wò ó, kò sẹ́ni nínú wa tó rí etí yẹn. Kò sí fìlà lórí mi nínú yàrá níbi tí mo jókòó sí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fà á wálẹ̀.